Iye Tí Wọ́n Dá Lé Dìgírì Nevena Zafirova

Nevena Zafirova ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ìlú Štip ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́rin, n kò sì fún un ní máàkì kan tí kò tọ́ sí i. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn ará ìlú yìí ti sọ ìtàn rẹ̀ ní ìsọkúsọ, inú sì ń bí mi.

Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ètò ilé-iṣẹ́ ni ó kà ní Skopje, olú-ìlú wa. Ẹni tó bá kọ́ ọ kì í kọ́ afárá, kì í sì í tún mọ́tò ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ènìyàn, ẹ̀rọ, ẹrù àti àkókò, kí ó sì tò wọ́n lọ́nà tí agbára ẹnikẹ́ni kò fi ní ṣòfò. Ohun tó ná ìdílé rẹ̀ nìyí: ọgbà àjàrà bàbá rẹ̀, tí wọ́n tà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dénárì, ẹ̀wù òtútù kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́rin, àti gbogbo ọjọ́ Sátidé ìyá rẹ̀, Pavlina, tó ń rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi.

Ní ilé kọfí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń díye lé dìgírì rẹ̀. Vančo awakọ̀ takisí ni olórí wọn.

“Goran ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò kàwé kọjá girama,” ni ó máa ń wí. “Ó ń wa tírélà ní Slovenia, ó ti kọ́lé. Ẹnjiníà yín ńkọ́? Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀!”

“Vančo,” mo dá a lóhùn, “ìwọ tí o gba méjì nínú márùn-ún, ìwọ ló wá ń ṣe ìṣirò fún wa?”

“Tíṣà, méjì yẹn gan-an, adìẹ ìyá mi ló rà á!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni. Mo dá adìẹ náà padà.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé bọ́ọ̀sì ni Nevena ń wọ̀, ìdí rẹ̀ sì rèé. Trajče Gošev ló ni ilé-iṣẹ́ aṣọ tí Pavlina ti ń ránṣọ. Bàbá Trajče ni kum bàbá Nevena, ìyẹn ni pé òun ló dúró fún un níwájú àlùfáà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kum ju ẹ̀gbọ́n lọ lọ́dọ̀ wa. Oyè náà sì ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Nígbà tí Nevena dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, Trajče bu ọtí rákíjà sí ife, ó sì ti bébà kan síwájú rẹ̀. “Fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Ṣé àjèjì ni wá síra wa ni?” Ó fọwọ́ sí i. Kò kà á.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ó tó rí ohun tó wà nínú ìwé náà: olùka-aago tó ń fi aago wọn iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹni tó jáde girama, ẹgbẹ̀rún méjìlélógún dénárì lóṣù. Nínú ìwé ètò ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, owó ẹnjiníà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì.

Mo bá a wí gidigidi. “Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún ọ pé kí o ka ìbéèrè tán kí o tó dáhùn!”

“Tíṣà, kum wa ni. Ẹni tó bá ka ìwé kum rẹ̀ níṣojú rẹ̀, ṣé kò ti pè é lólè?”

Ó ṣeé ṣe kí èmi náà fọwọ́ sí i. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú jù lọ: ìtìjú ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà fi ṣe ìwọ̀ ẹja.

Nevena lọ bá a. Trajče fi aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú-àáyá lé e lọ́wọ́. “Ogójì kọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn obìnrin yẹn ń rán ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ tó bá di àádọ́ta, màá san owó ẹnjiníà fún ọ.”

Ogójì ni iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ rán. Èyí tó bá lé, owó tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Nítorí náà, bí aago bá ti wọlé, ọwọ́ gbogbo wọn á falẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi kún iye náà. Roska, àgbà láàárín wọn, kígbe pé, “Ẹnjiníà dé o! Ẹ máa rọra mí, kó lè kà á!” Pavlina pàápàá ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ kọ́là kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nevena tọ́jú aago náà sápò, ó sì ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ó rí i pé lójoojúmọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan ń dìde nígbà ogún láti lọ gbé ìdì aṣọ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, nítorí pé ẹ̀bá ògiri ni wọ́n to ẹ̀rọ sí láti ayé àtijọ́. Ó ya àwòrán, ó tún tábìlì tò, ó mú ẹni tó ń gé aṣọ súnmọ́ ẹni tó ń rán an. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kọ́là di mọ́kànléláàádọ́ta. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yìn Pavlina sì dẹ́kun dídùn ún.

Kí ni Trajče ṣe? Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àádọ́ta ni iye tí kálukú gbọ́dọ̀ rán láti ọjọ́ náà lọ. Owó ohun tó lé wọmi. Ó sì kọ orúkọ Nevena sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ ṣèlérí fún mi, ọ̀gá,” ni Nevena wí.

“Ìlérí wo? Tábìlì lo sún. Alábàárù lè sún tábìlì. Ṣé nítorí èyí ni bàbá rẹ ṣe ta ọgbà àjàrà?”

Nílé, Pavlina kò jókòó. “Ṣé ẹ̀yìn mi lo fi ń ra owó oṣù rẹ, Nevena?”

Ní ọjọ́ kejì, Nevena dúró ní àgbàlá ilé-iṣẹ́, ó sì sọ ohun gbogbo fún àwọn obìnrin náà, títí kan ìlérí náà àti ìwé tí kò kà. Roska ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ó ní alábàárù lè sún un?”

“Bẹ́ẹ̀ ni ó wí, Màmá Roska.”

“Ó dáa náà.”

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, tí kọfí dé, kò sẹ́ni tó mu ún. Ogójì obìnrin dìde, wọ́n sì gbé gbogbo tábìlì padà sí ẹ̀bá ògiri. Trajče sáré jáde. “Ta ló pàṣẹ èyí?”

“Kò sẹ́ni tó pàṣẹ, ọ̀gá,” ni Roska dáhùn. “A gbọ́ pé iṣẹ́ alábàárù ni, a ní ká bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.”

Ọjọ́ náà, kọ́là di méjìdínlógójì. Ní ọjọ́ Ẹtì, tírélà oníbàárà ará Jámánì dé láti kó ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹrù náà kò tíì pé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Awakọ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ pastrmajlija, búrẹ́dì ẹlẹ́ran wa, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Trajče pe alábàárù mẹ́fà. Wọ́n sún tábìlì síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí tí ẹni tó ń rán àpò ṣẹ́ẹ̀tì kò fi rí ọ̀nà dé ibi ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Àwòrán náà wà nínú àpò Nevena.

Trajče ránṣẹ́ pè é. “Sọ iye rẹ.”

“Ìkíní, kí iye kọ́là tó wà lára ògiri padà di ogójì. Ìkejì, kí orúkọ mi kúrò lórí ìwé yín. Ìkẹta, owó ẹnjiníà, láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀.”

Trajče tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó sì bu rákíjà. Nevena fa àga, ó ń kà á láti òkè délẹ̀. “Láti òní lọ ni ẹ kọ síbí, ọ̀gá. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo wí.”

“O ń ka ìwé mi bíi ti olè, ọmọ mi.”

“Mò ń kà á bíi ti ẹnjiníà.”

Trajče tún un kọ.

Ó yẹ kí n tún nǹkan méjì ṣe. Vančo ṣì ń wí pé dìgírì náà kò tíì san ara rẹ̀ padà. Àlàfo owó oṣù náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún dénárì. Ó dá owó ọgbà àjàrà náà padà ní oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kí ó lọ ṣírò rẹ̀.

Èkejì burú jù ú lọ. Gbogbo ìlú ní Trajče ló rántí pé kum ni òun, pé àánú ló ṣe é tó fi pe ọmọ náà, tó sì fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò rántí ohunkóhun. Tírélà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ogójì obìnrin ló gbé tábìlì, Nevena sì ka ìwé náà tán kí ó tó fọwọ́ sí i. Rákíjà náà wà nínú ife níbẹ̀. Nevena kò fẹnu kàn án.