Ìlà Iná Tó Sọnù

Ìlà iná tó máa ń jó bí ohùn bá ṣe ń dún kò yọ mọ́ lójú ẹ̀rọ àtijọ́ tí mo fi ń fi ohùn han àwọn ọmọ iléèwé Kambolé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń retí mi lọ́jọ́ Ajé. Mo gbé e lọ bá ọmọ ìlú wa kan tó ń tún rédíò ṣe ní Kouloundè. Ó wò ó fìrí.

"Bàbá, ó ti kú."

Inú bí mi gidigidi. "A máa ń yẹ nǹkan wò ká tó sin ín!"

Ó yí bọ́tìnnì kan. Ìlà náà gòkè wá.

"Ta ló yí gbogbo bọ́tìnnì yìí síbì kan náà?"

Èmi ni. Nígbà tí mò ń tún ilé ṣe fún Iléyá, mo fẹ́ kí wọ́n tò dáadáa.

Títí mo fi dé Tchamba lójú ọ̀nà ilé, ara mi ni mò ń bá jà.