Iṣẹ́ Tí Múfútáù Rán Mi sí Tíṣà

Ohùn kan wọ etí mi láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, láti ìgbà náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ rédíò ni mo wà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń gbọ́ mi níbẹ̀ lè má mọ̀ pé ìjàkadì ni mo ṣe jẹun kí orúnkún mi méjèèjì tó kọṣẹ́. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀, wọ́n ní kí n wá máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Bùsáyọ̀, ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣe ètò náà, fẹ́ràn kí n máa sọ bí mo ṣe kọ́kọ́ borí nílé ìwé ní Ìkirè. Mo tún sọ ọ́ ní Sátidé yìí, a sì ṣí fóònù sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbọ́ wa. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Èmi lẹni tí ọ̀rẹ́ mi dá lọ́jọ́ yẹn o. Múfútáù ni, láti Apòmù."

Múfútáù ni ọ̀rẹ́ mi nígbà èwe. Àràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn láti Apòmù wá sílé ìwé wa, tí yóò bá sì fi dé, erùpẹ̀ pupa á ti kùn ún dé orúnkún bí ẹni tó wọ sọ́ọ̀kì. Ìyá rẹ̀ máa ń di ẹ̀pà fún un, àwa méjèèjì la jọ ń jẹ ẹ́ tán kí aago tó lù. Bí a bá wọ inú yanrìn ẹ̀yìn kíláàsì, kò sí ọjọ́ tí kì í dá mi. Á dá mi tán, á tún bá mi gbọn yanrìn kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì kí ìyá mi má baà bá mi wí. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ̀ pé òun ni Tíṣà tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá máa mú lọ sí ìdíje ní Ìbàdàn. Èmi náà mọ̀, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn gan-an.

Ọjọ́ tí Tíṣà dá láti fi yan ẹnì kan nínú àwa méjèèjì bọ́ sínú oṣù ààwẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, Múfútáù jẹ sààrì tán, ó tún jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án, àwọn ọmọ sì ń pè é ní Ajẹ-sààrì-má-gbààwẹ̀ títí ọdún fi yí po. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti pinnu pé òun máa gbà á pé. Ó ń tu itọ́ kiri láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kó má baà ṣèèṣì gbé e mì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì í mọ́. Ó pè mí sábẹ́ igi ọsàn, ó ní, "Bá mi bẹ Tíṣà kí wọ́n sún ìjàkadì wa di ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀. Ìwọ lo mọ̀ wọ́n nílé." Òótọ́ ló sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni èmi àti Tíṣà ń lọ, èmi ni mo sì máa ń pọnmi fún wọn. Mo ní mo gbọ́.

Mo lọ lóòótọ́. Mo pọnmi kún àmù wọn, mo wá dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń máàkì ìwé. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní ṣé kò sí. Mo ní kò sí, sà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún Múfútáù pé Tíṣà ní rárá, pé ẹni tí kò bá lè jà kó jókòó sílé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tiẹ̀ bá òun bẹ̀ wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Tíṣà dá, yanrìn ń jó ni lẹ́sẹ̀. Ètè Múfútáù ti funfun. Bí mo ṣe dì í mú, mo rí i pé kò lè dì mí mú padà, mo sì fi gbogbo agbára mi gbé e ṣánlẹ̀. Wọ́n gbé mi léjìká yí ọgbà ilé ìwé ká. Ìdíje Ìbàdàn yẹn ni ẹni tó sọ mí di oníjàkadì ti rí mi. Múfútáù kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, kí ọdún náà sì tó parí, bàbá rẹ̀ ti mú un lọ sóko kòkó.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí iṣẹ́ wa kan fún yín. Nínú ìjàkadì tí wọ́n ń sanwó wò, àwa méjèèjì tá a fẹ́ jà á ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó máa ṣubú àti ẹni tó máa gbégbá orókè. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, èmi nìkan ni mo mọ̀.

Múfútáù sọ lórí fóònù pé ààwẹ̀ lòun ń gbà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dá mi lẹ́bi. "Ọ̀rẹ́ mi yìí bá mi bẹ̀bẹ̀," ó ní. "Tíṣà ni kò gbà. Nígbà tí wọ́n kú, mi ò lọ síbi òkú wọn."

Bùsáyọ̀ yíjú sí mi. "Dádì, ṣé ẹ bá wọn bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí yanrìn ẹ̀yìn kíláàsì wa. Ọ̀kadà ló ń gbé àwọn ọmọ Apòmù wá sílé ìwé báyìí, inú fóònù ni wọ́n sì ti ń wo ìjàkadì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Tíṣà, ká ní mo bẹ̀ wọ́n ni, wọn ì bá gbà. Èyí ló ń dùn mí jù, pé mo jẹ́ kí wọ́n ru ẹ̀bi mi wọ ibojì. Gbogbo nǹkan ló ti yí padà, àfi pé Múfútáù ṣì gbà mí gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti purọ́ yìí, ìdí tí mo fi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́la ni mo máa wọkọ̀ lọ sí Apòmù láti kà á sí i létí, kó tó di pé ẹ̀yin rí i kà. Mi ò mọ̀ bóyá yóò fún mi níjókòó.