Bẹ́líìtì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pààrọ̀

N ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí èèyàn máa bínú sí irin, ṣùgbọ́n mo bínú sí irin ní Sátidé yẹn. Mo bú ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù mi bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè tó tún ń yan. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Dádì, àwọn ará àdúgbò ń gbọ́ yín o." Mo ní kí wọ́n gbọ́. Ṣé àwọn ni wọ́n fẹ́ bá mi lọ kó ẹrù Màámi ni?

Ẹrù Màámi ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ìyá mi ń dá gbé ní Ìjànìkín, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ọdún méjì gbáko la fi bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìbà. Lónìí, á ní ẹ̀gẹ́ òun ò tíì gbó. Lọ́la, á ní ta ni yóò máa ṣọ́ ilé. Nígbà tó yá, ó yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, ó sì pẹ́ nílẹ̀ kí aládùúgbò kan tó rí i. Kò fara pa púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ó gbà láti wá. Ó ní kí n wá gbé òun ní Sátidé. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá mi ń lọ, kì í ṣe nǹkan láìfi ti Ọlọ́run kún un, nítorí náà ó fi kún un pé, "Bí o bá wá lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ló ní kí n máa bọ̀. Bí o ò bá wá, mo ti gbọ́ ohun tó wí náà nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́? Ṣebí mo ní ọkọ̀.

Fíríìjì ni mo ń tún ṣe ní Òkòkómáìkò, píkọ́ọ̀pù yẹn ni mo sì fi ń kó wọn. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ṣí ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nítorí ariwo kan tí mo ń gbọ́, mo sì rí i pé bẹ́líìtì táímíìnì ti sán káàkiri. Bẹ́líìtì yìí ló ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀ láìṣìṣe. Bó bá já lójú ọ̀nà, ibẹ̀ lọkọ̀ á kú sí. Mo fojú inú wo ìyá mi, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àwọn ìkòkò rẹ̀ àti èmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Badagry nínú oòrùn. Mo ní rárá o, mo gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kí Sátidé tó dé.

Ó yẹ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì tó ń bá mi tún un ṣe ní Ìyànà Ìbà láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Bàbá náà mọṣẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ni n ò fẹ́. Kò lè tú bóòtù kan kó má sọ ìtàn bóòtù náà fún ọ: ibi tí wọ́n ti rà á, ẹni tó kọ́kọ́ bà á jẹ́, ohun tí ọ̀gá òun sọ nípa irú rẹ̀ nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́. Tó bá sì parí iṣẹ́, kò ní pa bónẹ́ẹ̀tì dé àfi tó bá pè ọ́ wá wo ohun tí òun ṣe, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ bíi tíṣà. Lọ́dún tó kọjá, ó ń ṣàlàyé lọ, oníbàárà mi kan ń pè mí lórí fóònù, mo sì jágbe mọ́ ọn lójú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé, "Bàbá, iṣẹ́ ni mo gbé fún yín, mi ò ní kí ẹ wàásù." Ó kàn pa bónẹ́ẹ̀tì dé. Láti ọjọ́ náà, ojú ń tì mí láti padà síbẹ̀, bí ojú sì ṣe ń tì mí ni mo ń sọ fún ara mi pé òun ló jẹ̀bi.

Mo bá wo fídíò lórí fóònù. Èmi tí mo máa ń bú oníbàárà tó bá ti tú fíríìjì rẹ̀ palẹ̀ kó tó gbé e wá bá mi! Ṣùgbọ́n sípánà ni sípánà, mo ní wọn nílé.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo tú rédíétọ̀, mo tú fáànù, mo fi páìpù gígùn já bóòtù ńlá ìsàlẹ̀ tó fẹ́ yọ mí lápá. Ní àárọ̀ Ẹtì, mo yí ẹ́ńjìnnì títí tí àmì púlì ìsàlẹ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì ń yí lé, fi bọ́ sójú rẹ̀, mo wá wo púlì òkè. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ihò kékeré roboto tí iléeṣẹ́ tó ṣe é dá sí i, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i nínú fídíò. Èkejì jẹ́ ojú ṣísù, irin ẹlẹ́nu mímú, tí ẹnì kan fi òòlù gbá wọra, bíi kí eku gé e jẹ. Ojú ṣísù yìí ló bọ́ sójú ibi tó yẹ. Àmì iléeṣẹ́ fi bí eyín púlì mẹ́ta jìnnà sí i.

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo pe ìyàwó mi síta. Mo ní, "Wá wo ohun tí bàbá onísọkúsọ yẹn ṣe! Táímíìnì burúkú ló fi ń gbé mi kiri." Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àbí?" Mo ní kó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Mo gbé púlì òkè kúrò lójú ṣísù, mo fi àmì iléeṣẹ́ sí ojú ibi tó yẹ, mo kó bẹ́líìtì tuntun sí i, mo sì dì í le. Láàárọ̀ Sátidé, mo dá gbogbo ẹ̀ padà, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ húkọ́. Ó tutọ́. Nǹkan kan bú gbàù lókè ẹ́ńjìnnì, adìyẹ aládùúgbò fò lọ sórí ògiri.

Mo tún yí i, ó tún húkọ́. Mo bọ́ aṣọ tó mọ́. Mo yọ pọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣáná sí epo, mo fọ̀ wọ́n, mo dá wọn padà. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ epo wò, mo yá bátìrì ẹlòmíràn. Kò sí ìyàtọ̀. Mo tú iwájú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: àmì òkè wà lójú rẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ wà lójú rẹ̀. Kò sí ibi tí mo ti ṣìṣe! Ohun tó ń ya èèyàn ní wèrè gan-an nìyẹn. Bí mo bá rí àṣìṣe, ǹ bá tún un ṣe.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Màámi ń pè. Ní aago mẹ́jọ, ó ní òun ti di ẹrù. Ní aago mọ́kànlá, ó ní òun ti jókòó sórí ẹ̀. Ìyàwó mi ní ká lọ háyà ọkọ̀ ní Alábà Rágò, nínú àwọn tó ń kó àgbò. Mo ní ẹrù ìyá mi kò ní rùn bí àgbò nígbà tí ọkọ̀ tèmi wà nílẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wọlé lọ.

Lọ́sàn-án, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì méjì ní Òkòkómáìkò. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi mí: "Ta ló ń bá yín tún un ṣe tẹ́lẹ̀?" Mo dárúkọ bàbá. Ẹni àkọ́kọ́ nu ọwọ́, ó jókòó padà. Èkejì ní, "Ẹ̀gbọ́n, no vex. Ọ̀gá tó kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́ ni Bàbá. A ò lè fọwọ́ kan ọkọ̀ wọn láìjẹ́ pé wọ́n ní ká fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ bá wọn." Mo ní ọkọ̀ mi ni, kì í ṣe ọkọ̀ Bàbá. Ó ní, "Ẹ ṣáà lọ bá wọn."

Mi ò lọ. Mo padà sílé, mo tún tú u palẹ̀ nígbà kẹta. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Màámi pè kẹ́yìn. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Ó sì gé fóònù.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè ni mo tó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ní Ìyànà Ìbà. Ó ní kí n dìde, ó mú sípánà mélòó kan, a jọ wọ kẹ̀kẹ́ márúwá dé ilé mi. Ó fi àtàńpàkò wá ojú ṣísù lára púlì òkè, ó wá bi mí pé, "Ta ló gbé e kúrò lójú àmì mi?"

Mo ní èmi ni. Mo ní mo tẹ̀ lé àmì iléeṣẹ́.

"Púlì yìí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì yìí. Tirẹ̀ ti fọ́. Ara ẹ́ńjìnnì mìíràn ni mo ti mú èyí, ibi tó ti há mọ́ ọ̀pá ò dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, àmì iléeṣẹ́ ò wúlò lára rẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi fi ṣísù dá àmì sí i nìyẹn. Mo pè ọ́ pé kí o wá wò ó." Ó ń tú bóòtù bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ìwàásù ọjọ́ yẹn nìyẹn, ọ̀gá onífíríìjì."

Ó gbé púlì padà sójú ṣísù, ó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì wò bóyá nǹkan ti tẹ̀ nínú rẹ̀, kò sóhun tó tẹ̀. Nígbà tó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọkọ̀ dáhùn. Bàbá pa bónẹ́ẹ̀tì dé láì pè mí wá wo ohunkóhun, ó sì lọ.

Láti ibẹ̀, Ìjànìkín ni mo kọrí sí. Màámi ti tú ẹrù. Ìkòkò ti padà sórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀dì ti padà sí yàrá. Mo ní, "Màámi, ọkọ̀ ti dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó bi mí pé kí ló ṣe é, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó wá ní, "Ṣé kò sí ọkọ̀ mìíràn ní gbogbo Ìbà ni?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní ó wà. Mo sọ ti ọkọ̀ àgbò fún un.

Ó ní, "Mo jókòó sórí ẹrù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé Ọlọ́run ló ní kí n má lọ. Àṣé ìwọ ni."

Mo yára gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, mo ní bí kì í bá ṣe Ọlọ́run, ẹ jẹ́ ká kẹ́rù nìyẹn. Ó mi orí. "Bí mo bá dé ilé rẹ, tí àìsàn kọ lù mí, o lè ní o mọ̀ ọ́n wò, kí o lọ máa wo fídíò dípò kí o pe dókítà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣeré ni. Kò rẹ́rìn-ín, ó mú ìkòkò kan lórí pẹpẹ, ó gbé e kaná.