Fọ́tò Èmi àti Kẹ́hìndé

Níbi àfihàn fọ́tò kan ní Akoka, mo rí àwòrán kan tí obìnrin kan náà jókòó lẹ́ẹ̀mejì lórí àga kan. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣàlàyé, tó wọ gíláàsì dúdú nínú ilé, ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ò dé ìlú yìí rí. A pàtẹ́wọ́.

Ó ti dé Bàrígà tipẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi, màmá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ oní-fọ́tò, yàrá rẹ̀ ń rùn bí ẹja gbígbẹ Ìlàjẹ. Ó yà mí lápá ọ̀tún àga gígùn. Lẹ́yìn náà, màmá bọ́ aṣọ mi, wọ́n wọ ti Kẹ́hìndé, ìkejì mi, fún mi. Ọsibítù ni wọ́n ní ó wà.

"Táíwò, ó yá, sún sápá òsì," oní-fọ́tò ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ibẹ̀ ni Kẹ́hìndé máa jókòó sí."

"Ìwọ náà ni. Màá pa fọ́tò méjèèjì pọ̀, ẹ ó sì pé méjì."

"Ẹ jẹ́ kó dé ná!"

Màmá kọjú sí ògiri. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n ti sin Kẹ́hìndé.

Mo rí èjìká màmá tó ń gbọ̀n, ẹ̀rù bà mí, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n etí àga ni mo jókòó sí, kí àyè lè kù fún Kẹ́hìndé.