Òórùn Ẹnu Ọmọ-ọmọ Wa

Owó kóńgò ẹ̀wà kan ní Mile 12 lónìí, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìbá bọ́ àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé yàrá kan títí sáà fi máa parí. Ẹ̀wà kọ́bọ̀ díẹ̀ ni à ń sè nígbà náà, a kì í sì í jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀wà ni ìyàwó mi padà wá ń tà. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ àwọn èèyàn, ó máa ń gbé àpò kan láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá sílé wa ní Kétu láti ṣa òkúta inú rẹ̀ lórí ẹní. Ọmọ-ọmọ wa, tí kò tíì pé ọdún kan, a máa rá yí i ká. Iṣẹ́ ti gbé bàbá ọmọ náà, àkọ́bí wa, lọ sí Warri láti ìgbà ọdún Iléyá. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wà lọ́dọ̀ wa.

Ẹnu ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kì í ṣe òórùn wàrà tí a mọ̀ mọ́ ọmọ ọwọ́. Bí ó bá mí sí ọ lójú, wàá yíjú kúrò. Ìyá rẹ̀ ń fi aṣọ rírọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ahọ́n àti erìgì rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Òórùn kò lọ. Ikun tún ń dà ní ihò imú rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n a pe ìyẹn ní ọ̀fìnkìn.

Ìyàwó mi ní ọmú ló kan. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n gbà pé ọmú kì í ṣàdédé kan: ìyá tó bá lóyún lórí ọmọ ọmú ni wàrà rẹ̀ ń bàjẹ́. Kò sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀. Ó kàn bi ìyàwó ọmọ wa bóyá ó ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ó sì lọ sídìí agboòrùn àwọn tó ń fi fóònù ṣòwò ní bọ́sítọ́ọ̀pù, ó fi fóònù wọn sọ fún ọmọ wa pé kí ó wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó ọmọ wa gbọ́, kò sunkún. Ó kó aṣọ ọmọ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó wá dúró níwájú ìyàwó mi.

"Mummy, láti Iléyá ni ọkọ mi ti lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ nípa mi?"

Ìyàwó mi ní òun kò sọ nǹkan kan, wàrà ló ń sọ̀rọ̀.

Mo bẹ ìyàwó ọmọ wa títí ó fi gbà láti sùn mọ́jú. Láàárọ̀, imú ọmọ dí. Ìyàwó mi gbé e lé itan, ó fi ẹnu fa ikun imú náà bí àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe. Ó tu ú dànù. Ó ní òórùn náà kò sí lẹ́nu rárá, inú imú ló wà. Òun fúnra rẹ̀ ló pọn ọmọ tí gbogbo wa fi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkòsí.

Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò imú, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa hóró ẹ̀wà olóyin kan jáde, ó ti wú, ó ti rà. Ó ní ó dára tí a kò fọwọ́ wá a nílé, à bá tì í wọnú sí i.

Ìyàwó mi wo ẹ̀wà náà. Ó mọ ọjà rẹ̀, ó kọjú sí ìyàwó ọmọ wa.

"Ìyàwó mi, ẹ̀wà mi ni. Má bínú."

"Mo ti gbọ́, Mummy. Ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi náà."

Bí a ṣe ń bọ̀, ìyàwó mi yà sídìí agboòrùn náà, ó tún pe ọmọ wa. Gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù ló gbọ́ pé ẹ̀wà ni, kí ọmọ wa má wulẹ̀ wá mọ́. Nígbà tí a délé, òun ló tú báàgì náà. Ṣọ́ọ̀bù ló sì ti ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ìyàwó mi ti kú. Nínú àwa mẹ́rin tí a jọ jẹ ẹ̀wà ní yunifásítì, èmi àti ẹnì kan ní Abẹ́òkúta ló kù. Ọmọ wa wà. Ìyàwó rẹ̀ wà, òun ló ń se oúnjẹ mi. Ọmọ-ọmọ wa wà, ó ti ga jù mí lọ, kì í jẹ ẹ̀wà.