Ekùrọ́ Mọ́kànlá Tí Bàbá Ṣadé San Owó Orí Wọn

Ó dìgbà o, Bàbá Ṣadé! Ó dìgbà tí èmi olùṣirò kò lè kà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo fi ṣe aya yín, n kò sì ṣi ìṣirò ṣe nínú ilé yín ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ fi orúkọ rere yín san. Àwọn ọmọ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú yìí, wọ́n ní kó má ju ojú ìwé méjì lọ, torí pé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ń gba owó lé lórí. Mo bi í léèrè iye tí ojú ìwé kẹta jẹ́. Mo san án láti inú owó ẹ̀gẹ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò wọ inú méjì.

Ẹ̀yin ọkùnrin gíga tí í tẹrí ba kí ó tó wọ ilé aláìní! Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹun kí ẹ tó bi mí pé ta ni kò tíì jẹ. Okùn tó já lọ́nà, ẹ ó mú un, ẹ ó so ó, ẹ ó fi ṣe nǹkan. Bí ẹ bá ń kọjá níwájú ilé ẹlòmíràn, ohùn yín á rẹlẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ń sùn nínú gbogbo ilé. Irú ọkùnrin yẹn ni wọ́n fi ohun tí kò ṣe pè fún ọdún tó lé ní ogójì.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí kò mọ owó orí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn. Nígbà tí òmìnira Dàhòmì ṣì tuntun, àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ló ń san owó orí lọ́dọọdún, ẹ̀yin sì ni agbowó orí abúlé wa ní Oko-Akarè. Ṣùgbọ́n a kì í na ìka sí ènìyàn kí a máa kà á bí ẹran. Nítorí náà, agboolé kọ̀ọ̀kan ní kèrègbè tirẹ̀ tó so mọ́ àjà yàrá yín, ekùrọ́ kan sì wà nínú rẹ̀ fún orí kan. Ọmọ tó bá dàgbà, baba rẹ̀ á mú ekùrọ́ kan wá. Ẹni tó bá kú, àwọn ènìyàn rẹ̀ á wá yọ tirẹ̀. Ẹ kò tú kèrègbè kankan rí láì kọ́kọ́ fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ ó ní, "Àgò onílé o." Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ máa ń dá mi lóhùn pé, "Ìyá Ṣadé, ènìyàn ló wà níbẹ̀."

Ohun kan wà tí n kò mọ̀ nígbà náà. A kì í yọ ekùrọ́ ẹni tó kú tí wọn kò bá tíì ṣe òkú rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ ṣáájú, ó dà bí ẹni tó lé baba onílé síta kí ẹbí rẹ̀ tó dágbére fún un. Nítorí náà, òkú náà á dúró sínú kèrègbè pẹ̀lú àwọn alààyè. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ẹ ó sì fò ó bí ẹ bá ń kà. Ìṣirò yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Orí yín ló wà.

Lẹ́yìn náà ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó tó ń wọ àpò ìjọba kò tó èyí tó ń jáde. Wọ́n gé owó oṣù àwọn olùkọ́ àti ti nọ́ọ̀sì. Epo wa àti ekùrọ́ wa kò lówó lórí mọ́. Àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣe òkú baba wọn ní àwọn ń dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ọdún náà dé, wọ́n tún ń dúró. Báyìí ni òkú ṣe ń pọ̀ nínú kèrègbè, títí wọ́n fi di mọ́kànlá. Àárín ìgbà yẹn ni ìjọba ní òun ń ṣe àtúntò owó ìlú. Wọ́n ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan fi iye orí rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iye náà ni wọn yóò fi kọ bùjẹ́, ìyẹn ìwé owó ìjọba, ó sì di ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún un béèrè.

Ibà dá yín dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ tí ìránṣẹ́ ọ́fíìsì dé. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ìyá, abúlé mẹ́rin ló kù fún mi kí oòrùn tó wọ̀. Ṣé kí n kọ òdo fún yín ni?" Èmi tí mo lọ sí ilé ìwé fún ọdún mẹ́ta! Èmi tí mo ń bá ìdajì àwọn obìnrin ọjà Ikpinlè ṣírò èrè wọn! Ara mi kò gba òdo. Obìnrin kì í tú kèrègbè orí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tú u. N kò kàn án, n kò kí onílé. Mo da ekùrọ́ sórí ẹní ní agboolé-agboolé, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sì yàtọ̀: mẹ́tàlélógóje. Mo kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú ìkọ̀wé tó dára, inú mi sì dùn.

Nígbà tí ibà náà lọ, mo fi ìgbéraga ròyìn rẹ̀ fún yín. Ẹ dìde jókòó. Ẹ kò pariwo. Ẹ kàn ń wí nǹkan lábẹ́ ètè, mo sún mọ́ yín, mo sì gbọ́ pé orúkọ ènìyàn ni. Mo kà á. Mọ́kànlá ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ ní, "Ìyá Ṣadé, méjìléláàádóje ni wá."

Ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ bá akọ̀wé, ẹ ṣàlàyé fún un pé òkú wà nínú iye náà. Ẹ sọ ìdáhùn rẹ̀ fún mi nígbà tí ẹ dé: "Bàbá, bùjẹ́ ti jáde. Bí mo bá pa orí mọ́kànlá rẹ́, àwọn ọ̀gá mi á ní ta ni yóò san án. Ẹ lọ bá àwọn òkú yín sọ ọ́." Ó ní òun ń ṣe àwàdà. Ẹ̀yin kò bá a rẹ́rìn-ín.

Owó orí ẹnìkan tó àpò àgbàdo méjì. Ti mọ́kànlá jẹ́ méjìlélógún. Oko wa mú mọ́kàndínlógún wá lọ́dún náà. A yọ márùn-ún sílẹ̀ fún jíjẹ, ó ku mẹ́rìnlá. Ẹ ta kẹ̀kẹ́ yín, ó dí àyè àpò mẹ́fà. Àwọn aṣọ ìgbéyàwó mi dí méjì tó kù. Ó pé géérégé. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ pín in fún gbogbo abúlé, àpò kan láàárín ènìyàn mẹ́fà, kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ẹ ní, "Bí mo bá pín in, wọ́n á bi mí pé ta ló kà á." Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún obìnrin tó bá tú kèrègbè. Wọn á dá mi padà sí ilé baba mi ní Tatonnonkon, ọmọ mi á sì dúró níbí. Nítorí náà ni ẹ fi san án. Ẹ san án lọ́dún kejì. Ẹ san án lọ́dún kẹta. Ṣadé ọmọ mi, ọdún kẹta yẹn lo kúrò nílé ìwé. A sọ fún ọ pé ọ̀nà ló jìn. Ọ̀nà kò jìn.

Bí ẹ bá ti san owó náà tán, ẹ máa ń yà sí ojú oórì àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ẹ ó pè wọ́n lórúkọ, ẹ ó ní, "Mo ti san tiyín o. Kí ẹnikẹ́ni má yọ yín lẹ́nu." Ẹnìkan gbọ́ yín lọ́jọ́ kan. Kò sọ nǹkan kan nígbà náà.

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, tí gbogbo ẹnu ń pariwo ìyípadà, àwọn ọ̀dọ́ kan wá yẹ ìwé abúlé wò. Rìsíìtì fi mọ́kànlá ju ènìyàn lọ. Wọ́n kó gbogbo wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní, "Ta ló san owó àwọn òkú?" Ẹ ní, "Èmi ni." Wọ́n ní, "Kí lẹ fẹ́ fi òkú ṣe, Bàbá?" Ẹni tó gbọ́ yín lójú oórì bá dìde, ó sọ ohun tó gbọ́. Mo la ẹnu mi láàárín àwọn obìnrin. Ẹ wò mí, ẹ sì mi orí díẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yẹn. N kò tíì dìde.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi gbalẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá san owó orí ènìyàn ló ni ín. Wọ́n ní ẹ ti ra òkú, àwọn ló ń ro oko fún yín lọ́nà Ikpinlè. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀wẹ̀ tí wọ́n ń bá yín ro oko kò wá mọ́. Láṣubú tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà dúró lójú ọ̀nà, ó kígbe orúkọ yín pé, "Àkànní, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ dà? Ní kí wọ́n yà sí oko tèmi náà o!" Ẹ dá a lóhùn pé, "Wọ́n á yà, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa san owó orí wọn." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun náà ti gba ọ̀nà mìíràn lọ sí oko rẹ̀.

Àwa méjèèjì péré ló ń ro oko náà, ó sì ń yè. Èyí ló bà wọ́n lẹ́rù jù. Lọ́jọ́ kan a kọ ebè ẹ̀gẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, mo kà á kí a tó lọ sílé: ọgọ́sàn-án. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé oko. Mo tún un kà nítorí pé bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mọ́kànléláàádọ́wàá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kejì, mo fi ẹsẹ̀ kan ebè kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànléláàádọ́wàá. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín lẹ́yìn mi. Ẹ wo àwọn ebè náà, ẹ sì ní, "Má kà á mọ́, Ìyá Ṣadé." Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti kà á ṣáájú mi. N kò béèrè. Ní báyìí n kò rí ẹni tí n ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ní inú oko yẹn ni kí a sin yín sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbẹ́ ihò dúró ní ààlà pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Àwọn bàbá wa ní àwọn kan ti wà níbẹ̀." Àwọn ọmọ Ṣadé méjì ló gbẹ́ ẹ. Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi parí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Oko-Akarè tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, ọkọ mi kò ra òkú. Èmi obìnrin ni mo tú kèrègbè, èmi ni mo ṣi í kà, òun ló san án, ó sì dákẹ́ kí ẹ má baà lé mi. Bí ìtanràn bá wà nílẹ̀, ẹ sọ iye rẹ̀, n ó san án. Ní ti ebè mọ́kànlá, n kò ní àlàyé. Mo kọ ọ́ síbí bí mo ṣe kà á. Bí ó bá jẹ́ àwọn ni, ẹnikẹ́ni kò rán wọn níṣẹ́. Ẹ bá wa wọ inú oko náà lónìí. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ pé àwa ọmọ ilé nìkan ni yóò dúró tì í.

Ekùrọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, tí ẹnikẹ́ni kò wá yọ láti ìgbà náà, ṣì wà lọ́wọ́ mi; ọkọ mi ti fi èyí tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn mí kí ó tó lọ. Mo ti kó wọn sínú àwo funfun lẹ́nu ọ̀nà wa. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ lọ.

Bàbá Ṣadé, kèrègbè tiwa ṣì so mọ́ àjà. Ekùrọ́ yín àti tèmi wà nínú rẹ̀. Bí a bá ṣe òkú yín tán lónìí, àṣà ní kí n yọ tiyín. Mo ti ṣírò gbogbo ìnáwó ìsìnkú yìí títí dé orí iyọ̀, kò sì sí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi tún dúró. Láàárọ̀ yìí mo fi ìka kan kèrègbè náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní, "Àgò onílé o." Ọwọ́ mi kò gbà á. Ẹ dúró síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè owó orí yín, kí ó bi mí. Èmi ni n ó san án, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀.

Àkànní ọkọ mi, sùn re o.