Kápútéènì Tí Kò Tíì Rí Òkun

Kápútéènì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò sì tíì rí òkun rí.

Jọ́gíráfì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó lè fi ṣọ́ọ̀kì ya etí òkun sójú pátákó láìgbé ọwọ́ sókè. Ó mọ ibi tí ìgbì ti ń wá, ó mọ ìdí tí omi òkun fi níyọ̀. Ṣùgbọ́n omi tó pọ̀ jù tó ti fojú ara rẹ̀ rí ni àgbàrá tó ya wọ yàrá wọn lọ́dún tí gọ́tà ẹ̀yìn ilé dí.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì ló ra ọkọ̀. Àlòkù. Ọkọ̀ funfun gbọọrọ tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú, tó ní sítóòfù, tó ní ibi ìfọwọ́ àti tábìlì ìjẹun. Ọkọ̀ tó tún jẹ́ ilé. Ó ra fìlà àwọn awakọ̀ ojú omi mọ́ ọn, fìlà yẹn ló sì sọ ọ́ di Kápútéènì.

“Inú ọkọ̀ yìí la ó sùn létí òkun,” ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó. Àtìgbà tó ti fẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ló ti ń gbọ́ nípa òkun, bí ẹni ń gbọ́ nípa ẹbí ọkọ kan tó wà lọ́nà jíjìn tí kì í wálé. Ó rán kọ́tìnnì sí fèrèsé ọkọ̀ náà. Aláwọ̀ omi. Ó rán ìrọ̀rí méjì. Ó wá ń dúró.

Ọkọ̀ náà ń dúró.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lórí tíì. Lọ́jọ́ tí Kápútéènì kọ́kọ́ gbé ife tíì sórí tábìlì ọkọ̀ rẹ̀, tíì náà fì sápá kan. Ẹsẹ̀ tábìlì kan ló kúrú, ọmọdé yóò rí i. Ṣùgbọ́n Kápútéènì kì í ṣe ọmọdé. Ó lọ yá irin tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dọ́gba, èyí tó ní omi kékeré nínú dígí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó wá gbé pákó nípọn sílẹ̀, ó wa táyà òsì méjèèjì gùn ún. Kò tó. Ó tún fi pákó mìíràn lé e. Nígbà tí omi inú dígí dúró sáàrin gbùngbùn, tábìlì dọ́gba. Ọkọ̀ ló wọ́.

“Bàbá, ilẹ̀kùn ọkọ̀ yìí ń ṣí fúnra rẹ̀,” ni ìyàwó wí.

“Afẹ́fẹ́ ni.”

“Mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo yí bọ́ sílẹ̀.”

“Ìwọ lo máa ń yí.”

Ohun kan tún dùn mọ́ Kápútéènì nínú lọ́jọ́ náà. Kó tó gbé pákó sábẹ́ táyà, abẹ́rẹ́ tó ń sọ iye epo dísù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn pákó, abẹ́rẹ́ gòkè dé ìlàjì. Kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Ọ̀fẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà, ó ń jókòó nínú ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń mu tíì, ó ń ka máàpù. Kò tẹ kọ́kọ́rọ́. Kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ìgbà tó di pé àbúrò ìyàwó rẹ̀ dá sí i ni ọ̀rọ̀ yí padà. Fóòmù ìbùsùn ni àna yìí ń tà. Kò mọ ìyàtọ̀ láàrin adágún àti ọ̀sà, ṣùgbọ́n ó ti dé etí òkun, ó ti ya fọ́tò, ó ti jẹ ẹja níbẹ̀. Ó ní, “Sísítà mi, mo ń bọ̀ ní Sátidé. Bí ọkọ̀ ọkọ yín bá lọ, ẹ bá a lọ. Bí kò bá lọ, ẹ wọ tèmi.”

Ìyàwó kò pariwo. Ó di báàgì rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ní Sátidé, mo máa rí òkun. Èyí tó bá gbé mi ni mo máa wọ̀.”

Fóòmù! Kí ọlọ́jà fóòmù ṣíwájú fi òkun han ìyàwó olùkọ́ jọ́gíráfì!

Sátidé, láàárọ̀, Kápútéènì dé fìlà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń lọ́ gìrì-gìrì-gìrì. Kò ṣiṣẹ́. Ó tún yí i. Gìrì-gìrì-gìrì. Ìyàwó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, báàgì lórí orúnkún.

Rẹ́wáyà àdúgbò ló kọ́kọ́ dé. Iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà gbogbo àìsàn ọkọ̀ láyé, iná ló fà á.

“Bátìrì ni.”

“Bátìrì wo?” Baba Tírélà, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń bọ̀ láti òdìkejì títì. “Ṣé o dití ni? O ò gbọ́ bó ṣe ń yí? Bó bá jẹ́ bátìrì, kò ní yí. Wo sàlẹ́ńsà. Ṣé èéfín jáde?”

“Kò jáde.”

“Dísù ò dé ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ gbé sípánà wá.”

Ó tú ìdè kékeré orí fíltà, ó ń fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù. Dísù jáde, ó ń hó bí omi ọṣẹ.

“Afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù.”

“Afẹ́fẹ́,” ni Kápútéènì wí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, “oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó ń fẹ́ láti orí òkun wá…”

“Kápútéènì, ẹ di tọ́ọ̀ṣì mú.”

Wọ́n pààrọ̀ fíltà. Ó ń hó. Wọ́n fi rọ́bà di gbogbo orí páìpù. Ó ń hó. Rẹ́wáyà yọ bátìrì, ó dá a padà, kí òun náà lè ní ipa tirẹ̀. Ó ṣì ń hó.

“Ṣé dísù wà nínú ọkọ̀ yìí ṣá?” ni Baba Tírélà béèrè.

“Ẹ wo abẹ́rẹ́! Ìlàjì táǹkì!”

Gbogbo wọn yọjú wo abẹ́rẹ́. Ìlàjì ni lóòótọ́. Wọ́n mi orí.

“Ẹ bi tábìlì léèrè,” ni ìyàwó wí láti ẹnu ọ̀nà. “Òun lẹ kà sí jù nínú ilé yìí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kápútéènì nìkan ni kò rín.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fèrè dún ní géètì. Àna ti dé. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè ní títì, kò sì rí ibi wọlé, nítorí ìdí ọkọ̀ funfun náà dí ẹnu géètì.

“Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ bá mi sún ilé yín síwájú díẹ̀!”

Kápútéènì jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀. Rẹ́wáyà, Baba Tírélà àti àna tì í lẹ́yìn. Ìyàwó náà gbé báàgì sílẹ̀, ó di ọkọ̀ mú, ó tì í. Ọkọ̀ náà ró gbì, ó bọ́ kúrò lórí pákó.

Abẹ́rẹ́ já wálẹ̀. Láti ìlàjì, wọ́ọ́, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀.

Kápútéènì wò ó. Ó yíjú wo ẹ̀yìn, ó rí tábìlì rẹ̀ tó tún ti fì. Ó gbé orí jáde, ó wo pákó. Ó tún wo abẹ́rẹ́. Ìwọ̀nba dísù tó kù nínú táǹkì ti rọ́ lọ sápá kan ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń kà á. Ẹnu páìpù wà lápá kejì, afẹ́fẹ́ ló ń mu.

“Ẹ tún pọ́ǹpù tẹ̀,” ló wí jẹ́jẹ́.

Dísù jáde. Kò hó. Baba Tírélà dè é pa. Kápútéènì yí kọ́kọ́rọ́. Gìrì-gìrì, ọkọ̀ wúkọ́, ó da èéfín funfun bo Rẹ́wáyà lójú, ó sì ṣiṣẹ́.

“Bátìrì yẹn ni mo tún ṣe o!” ni Rẹ́wáyà ké.

Àna ti wa ọkọ̀ tirẹ̀ wọlé, ó ti ṣí búùtù. “Sísítà, tèmi ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ o.”

Ìyàwó kọjá lára rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ funfun.

“Bàbá, kí ló ṣe é?”

“Ṣé o rí i, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́…”

“Bàbá.”

Kápútéènì ṣí fìlà. “Tábìlì ni.”

Ìyàwó gbé báàgì rẹ̀ nílẹ̀. Ó wọlé. Ó mú ègé aṣọ kan nínú báàgì, ó ṣẹ́ ẹ po, ó kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó kúrú. Ó gbé irin bíríkìlà náà, ó nà án sí àbúrò rẹ̀ lójú fèrèsé.

“Tí o bá padà dé, bá mi dá a padà fún bíríkìlà.”

“Ẹ ò wá bá mi lọ mọ́?”

“A jọ ń lọ. Ìwọ ṣíwájú.” Ó jókòó, ó gbé báàgì lé orúnkún. Kò tíì tú u. “Bàbá, ilé-epo la ó kọ́kọ́ yà o. Ẹ má pa ọkọ̀.”

Àna ṣíwájú, nítorí òun ló mọ̀nà. Kápútéènì dé fìlà padà, ó tẹ̀lé e. Ó ní òun náà mọ ọ̀nà ọ̀hún dáadáa. Lórí máàpù ni.